Kọfí Tí Àlejò Gbé Kalẹ̀

Ilé àlejò ni mo ń ṣe ní abúlé wa nísàlẹ̀ ìlú Karak, ní Jọ́dánì. Kò tóbi. Yàrá díẹ̀ ni, àti òrùlé pẹrẹsẹ tí èèyàn lè jókòó sí wo àfonífojì, àti àgbàlá tí igi ólífì kan wà láàárín rẹ̀. Àwọn òyìnbó ló ń dé sọ́dọ̀ mi jù. Kí wọ́n tó dé, wọ́n á ti ka oríṣiríṣi nǹkan nípa wa, ohun tí wọ́n kà á sì ti kó jìnnìjìnnì bá wọn. Obìnrin kan bi mí rí bóyá wọ́n máa gé òun lọ́wọ́ bí òun bá ṣèèṣì fi ọwọ́ òsì gba búrẹ́dì. Mo ní rárá o, wọ́n á kàn rò pé ìyá rẹ kò kọ́ ẹ dáadáa ni.

Torí náà, èmi fúnra mi ni mo ń kọ́ wọn. Mi ò lọ ilé ìwé púpọ̀. Ẹnu rédíò àti ẹnu àwọn àlejò ni mo ti kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń sọ, kò sì pọ̀ débi tí mo lè máa fi ṣeré. Mo máa ń sọ fún wọn pé: ẹ bọ́ bàtà yín lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi gba nǹkan. Ẹ má na àtẹ́lẹsẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ má béèrè ìyàwó onílé. Ẹ béèrè àlàáfíà ará ilé, ìyàwó ti wà nínú wọn. Ẹ má yin ohunkóhun nínú ilé jù, torí wọ́n á fún yín, wọ́n á sì máa bínú sí yín tí ẹ bá gbé e lọ. Ẹ má sọ̀rọ̀ jù; ọkùnrin tó bá dákẹ́, wọ́n á rò pé ó gbọ́n. Bí wọ́n bá gbé kọfí fún yín, ẹ ò gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́. Tó bá ti tó yín, ẹ mi ife náà díẹ̀ kí ẹ tó dá a padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á máa bù ún fún yín títí ẹ ó fi dákú.

Ìmọ̀ràn tó dáa ni gbogbo rẹ̀. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Òun náà ló sì kó wa sí wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí.

Àlejò tí mo ń wí ń jẹ́ Eskil, ará Nọ́wè. Afárá ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ga débi pé ojoojúmọ́ ló ń fi orí gbá àtẹ́rígbà yàrá rẹ̀, á sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀kùn. Kì í sọ̀rọ̀. Tí o bá kí i káàárọ̀, á kọ́kọ́ rò ó wò ná kó tó dáhùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ní àkókò tó dé yìí, ilé mi kò fararọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Watfa ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú, torí náà ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Bàbá Diyab, ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ wà. Ẹni tí Watfa fẹ́ ni Minwar, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ọmọ dáadáa ni. Bàbá Diyab náà mọ̀ pé ọmọ dáadáa ni. Kọfí ló bà á jẹ́.

Bí a ṣe ń tọrọ ọmọ níbí, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Àwọn ará ilé ọkọ á kó ara wọn jọ, wọ́n á fi ẹni iyì kan ṣe olórí wọn. Wọ́n á dé ilé ọmọbìnrin, wọ́n á bu kọfí fún olórí náà. Á gbà á, á sì gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kò ní fẹnu kàn án. Onílé á ní, "Kí ló dé tí o ò mu kọfí rẹ?" Òun á ní, "A ní ohun tí a wá tọrọ." Tí onílé bá fẹ́, á ní, "Mu kọfí rẹ, ohun tí ẹ wá fún ti di tiyín." Ìgbà náà ló máa tó mu ún. Ẹni tó bá gbé kọfí mu láìtíì tọrọ nǹkan kan, kọfí ló wá mu nìyẹn. Ó ti mu ún. Kó máa lọ ilé.

Bàbá Minwar lọ mú Bàbá Rakan ṣe olórí, nítorí pé ó lẹ́nu. Bàbá Rakan ti du ipò ìgbìmọ̀ ìlú, ó fìdí rẹmi, ó tún dù ú, ó tún fìdí rẹmi, ọ̀rọ̀ tí kò rí ibi sọ nígbà yẹn ṣì kún inú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n wá tọrọ Watfa, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí Ọlọ́run dá ayé. Ó dé ọ̀dọ̀ Ànábì Nuhu, ó sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ rẹ̀ títí. Ó wá kan òṣùpá, ó ní Watfa dára jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ kò rí Watfa rí àfi ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó ń gbé àtẹ búrẹ́dì. Nígbà tó dé orí òdòdó, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Ó na ọwọ́, ó gbé ife kọfí, ó mu ún tán. Ó tilẹ̀ tún mi ife náà fún ẹni tó ń bù ún, pé ó tó òun.

Mo ń gbọ́ láti ilé ìdáná.

Bàbá Diyab dúró díẹ̀, bóyá ẹnì kan á sọ nǹkan. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ kú àbẹ̀wò. Kí Ọlọ́run mú yín délé láyọ̀."

Láti ìgbà náà, Ramadan ti kọjá, òmíràn tún ti kọjá. Kò sí ẹni iyì kankan tó fẹ́ ṣe olórí ìtọrọ ẹlẹ́ẹ̀kejì, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n máa fi òun wé Bàbá Rakan. Nígbà tí mo lọ bá Bàbá Diyab, ó ní, "Ìyàwó àbúrò mi, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo jókòó sílé mi. Kí ẹnì kan wá gbé ife kalẹ̀ níwájú mi. Ta ló wá?" Bó ṣe rí nìyẹn. Ilé rẹ̀ lè máa jó, tí àṣà bá ní kó jókòó, á jókòó.

Ó ní Minwar kò gbọ́dọ̀ wá kí wa. Minwar kò sì wá kí wa. Pọ́ǹpù omi ló ń wá tún ṣe. Ọjọ́ Túsìdeè nìkan ni omi ìjọba ń yọ ní àdúgbò wa, pọ́ǹpù inú àgbàlá ló ń tì í lọ sínú táńkì orí òrùlé. Lójoojúmọ́, tí wọ́n bá ti kí Àsùbá tán, Minwar á dé, á tú pọ́ǹpù náà palẹ̀, á lù ú, á tò ó padà, á tún lù ú. Watfa á di sípánà mú fún un. Èmi á jókòó sáàárín wọn, màá máa mu tíì. Kò sí ohun tó ṣe pọ́ǹpù náà. Kò sí èyí tí ara rẹ̀ le tó o ní gbogbo Jọ́dánì. Gbogbo abúlé ló ń gbọ́ ariwo rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń bi mí nínú ọjà pé, "Ìyá Watfa, ara pọ́ǹpù yín ńkọ́?"

Ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù yẹn gan-an ni fèrèsé yàrá Eskil wà. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé kí ló ń ṣe pọ́ǹpù náà. Mo ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Ó ní kí ló wá dé tí wọ́n ń tún un ṣe. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí òṣùpá dé orí kọfí. Ó rò ó títí. Ó ní, "Ṣé kò lè wá nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa?" Mo ní ṣọ́ọ̀bù ló máa ń lọ nígbà yẹn. Ó mi orí, kò sì sọ ọ́ mọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ sórí. Àbúrò bàbá Minwar ti bá a rí iṣẹ́ sí Kuwéètì. Minwar ní tí kò bá sí ìròyìn kan kí oṣù tó tán, òun á lọ. Watfa kò sunkún. Ó jọ mí, kì í sunkún. Ó kàn ṣíwọ́ fífi iyọ̀ sí oúnjẹ ni. Ẹ̀wà kò níyọ̀, ẹyin kò níyọ̀. Àwọn àlejò ń bi mí bóyá ẹ̀sìn wa ni.

Ibi tí nǹkan dé nìyẹn tí Bàbá Diyab fi ránṣẹ́ pé òun ń pe àlejò mi wá jẹun. Kò sí òyìnbó tó máa sùn nílé ìyàwó àbúrò rẹ̀ tí kò ní jẹun nílé rẹ̀. Wọ́n á ní ahun ni. Mo tún ka gbogbo ìmọ̀ràn fún Eskil lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Pàápàá kọfí. Má kọ̀ ọ́." Ó ní, "Mi ò ní kọ̀ ọ́," ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rù ń bà á ni.

Lẹ́yìn Aláásárì la dé ibẹ̀. Watfa gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá àwọn obìnrin nílé ìdáná. Èmi jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn àlejò, apá kan ara mi wà lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, apá kejì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí èmi ni ògbufọ̀. Bàbá Diyab jókòó níwájú. Jiryis, aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ Kristẹni, wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àwọn ìbátan yòókù jókòó yíká ògiri. Bàbá Rakan náà wà níbẹ̀, torí kò síbi tí wọ́n ti máa jẹ ẹran àgùntàn tí kò ní sí.

Eskil bọ́ bàtà. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ara rẹ̀, pẹ̀lú gígùn rẹ̀ yẹn, bí ẹni ń ká àkàbà. Ó béèrè àlàáfíà ará ilé. Ó dákẹ́. Inú mi dùn. Diyab, àkọ́bí onílé, bu kọfí sínú ife kékeré, ó gbé e fún un. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á. Inú mi tún dùn.

Ó wá tẹ̀ síwájú, ó rọra gbé ife náà kalẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú orúnkún rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé itan.

Ẹnì kan tó fẹ́ wúkọ́ gbé ikọ́ rẹ̀ mì. Diyab dúró, ìkòkò kọfí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò bù ún fún ẹlòmíràn mọ́. Bàbá Diyab na ẹ̀yìn rẹ̀ ró, ó tún aṣọ orí rẹ̀ ṣe. Ó yí ojú sí mi.

"Ìyá Watfa. Àlejò yìí ní nǹkan tó wá tọrọ, o sì jẹ́ ká jókòó bí òmùgọ̀?"

"Bàbá Diyab, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ nǹkan kan."

"Bi í."

Mo bi í. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ní, "Ọkàn mi ló ń dà mí láàmú. Dókítà ní mi ò gbọ́dọ̀ fi kọfí kan ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí n má kọ̀ ọ́. Mi ò kọ̀ ọ́. Mo gbà á, mo wá gbé e kalẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi ṣáájú?"

"Ẹ ní kí n má sọ̀rọ̀ jù."

Mo yíjú sí wọn, mo sọ ọ́ bó ṣe rí: "Àìsàn ọkàn ló ń ṣe é. Dókítà rẹ̀ ló ní kó má mu kọfí."

Gbogbo wọn wò mí bí ẹni ń wo òpùrọ́.

"Dókítà wo?" Bàbá Diyab ní. "Èmi tí ẹ̀ ń wò yìí, wọ́n ti ki wáyà bọ inú ọkàn mi rí ní Amman. Kọfí ni mo kọ́kọ́ béèrè nígbà tí mo lajú."

Jiryis ní, "Ìyá Watfa, má bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ojú ló ń ti ọkùnrin náà. Ṣé o ò rí bó ṣe pọ́n?"

"Ó máa ń pọ́n bẹ́ẹ̀ ni. Oòrùn ló pa á."

Bàbá Rakan ti dìde. "Ẹ̀yin ọlọ́lá, ìdákẹ́jẹ́ àlejò yìí dà bí òkun nígbà tí òṣùpá..."

"Bàbá Rakan, jókòó!" Bí ẹni mẹ́wàá ló pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jókòó.

Diyab, tó ṣì gbé ìkòkò kọfí dání, ní, "Bàbá, Nọ́wè ló ti wá. Ṣé kì í ṣe Nọ́wè ni Hulayyil wà?"

Hulayyil jẹ́ ọmọ àbúrò wọn kan tó lọ kàwé lọ́hùn-ún tí kò tíì padà. Níbí, bí ọmọ ẹnì kan bá ṣe ọmọ ilé mìíràn léṣe, bàbá rẹ̀ náà ló ń wá gbé kọfí kalẹ̀ tọrọ àforíjì. Kíá, wọ́n ti pè é lórí fóònù, wọ́n gbé e sáàárín kápẹ́ẹ̀tì kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

"Hulayyil," Bàbá Diyab ní, "ta ló ṣe ọ́ ní nǹkan níbẹ̀ yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó ṣe mí ní nǹkan, bàbá. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Rò ó dáadáa. Ẹnikẹ́ni lára àwọn ará ibẹ̀ tó fi ara kàn ọ́."

"Ó dáa, ẹnì kan fi kẹ̀kẹ́ gbá mi lẹ́sẹ̀ nígbà òtútù tó kọjá. Ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀ mí."

"Ọ̀dọ́ ni àbí àgbà?"

"Ọ̀dọ́ ni. Bàbá, mò ń dáná lọ́wọ́..."

Bàbá Diyab pa fóònù. Gbogbo wọn wá ń wo Eskil pẹ̀lú ojú mìíràn. Bàbá ọmọ oníkẹ̀kẹ́ náà ti gba orí òkun wá, nítorí ẹsẹ̀ kan! Jiryis fi aṣọ orí rẹ̀ nu ojú. "Ẹ wo bàbá," ó ní. "Ta ló ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé yìí?"

Bàbá Diyab gbé ọwọ́ láyà. "Àlejò wa, a ti dárí ẹsẹ̀ Hulayyil jì yín. Bí ọmọ yín bá tún gbá a ní ẹsẹ̀ kejì, a ti dárí ìyẹn náà jì í sílẹ̀. Ẹ mu kọfí yín."

Mo sọ ọ́ fún Eskil. Mo ní, "Wọ́n ní àwọn ti dárí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ jì ẹ́."

Ó rò ó wò. Ó ní, "Mi ò ní kẹ̀kẹ́. Mo ti tà á."

"Kí ló wí?" ni gbogbo wọn ń béèrè.

"Ó ní òun ti ta kẹ̀kẹ́ òun."

Wọ́n kérora. "Ó ta kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ nítorí tiwa!" Ẹnì kan ní kí wọ́n dá owó ra òmíràn fún ọmọ náà. Mo ní kẹ̀kẹ́ ọmọ kọ́, mo ní mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó bímọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Eskil ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Ife wà níbi tó gbé e sí. Kò mu ún.

Bí kò ṣe mu ún yẹn, wọ́n rí i pé ohun tó wá fún ju ẹsẹ̀ èèyàn lọ.

Láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ilé ìdáná, Ìyá Diyab ké jáde. "Bàbá Diyab! Ọ̀rá ti ń dì lórí ẹran yìí o!"

"Dákẹ́, obìnrin. Ọ̀rọ̀ ńlá wà nílẹ̀."

"Ẹ bá mi jẹ ọ̀rọ̀ ńlá náà, ká wá kó ìrẹsì fún ajá."

Ojú àwọn ọkùnrin náà ti ń lọ sí ọ̀nà ilé ìdáná. Òórùn wàrà kíkan àti ẹran àgùntàn gba gbogbo ilé. Nígbà tí ife bá ṣì wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè jẹun. Ikùn Bàbá Rakan kùn débi pé gbogbo wa gbọ́. Bàbá Diyab ṣún tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ, ó ṣún un bọ̀, ó wá gbé e jù sílẹ̀.

"Ó dáa!" ó ní. "Mi ò mọ ohun tó fẹ́. Ohunkóhun tó bá fẹ́ tó wà ní ìkáwọ́ mi, mo ti fi fún un, ẹ̀yin náà ni ẹlẹ́rìí mi. Àfi ẹ̀sìn mi àti ìyàwó mi."

"Fi ìyàwó náà kún un tí ìrẹsì yìí bá tutù!" Ìyá Diyab ké láti ilé ìdáná.

"Ìyá Watfa, bi í ní ohun tó fẹ́, kó mu kọfí rẹ̀, ká lè rí nǹkan jẹ."

Ó ti búra lójú gbogbo ìdílé. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àfi èmi. Ohun tó bá ti ẹnu mi jáde, òun ni òyìnbó sọ. Mo yí orí, mo rí Watfa láti ibi tí aṣọ ìkélé ti là. Ó gbé agbada wàrà dání, kò mira. Òun náà ti gbọ́. Ó ń wò mí.

Mo la ẹnu. Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ro irọ́ pọ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Kí n ní ọkùnrin yìí wá láti Nọ́wè nítorí Minwar? Lóòótọ́, wọ́n ti gba ti kẹ̀kẹ́ gbọ́. Ibi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀ ni Eskil ti bi mí pé, "Kí ni wọ́n ní?"

"Wọ́n ní kí o sọ ohun tí o fẹ́. Wọ́n ti fi fún ẹ."

"Ohunkóhun?"

"Àfi ìyàwó rẹ̀."

Ó rò ó. Ó rò ó bó ṣe máa ń ro gbogbo nǹkan. Ọ̀rá ń dì. Ó wá ní, "Ṣé wọ́n lè bá mi sọ fún ọ̀dọ́kùnrin yẹn kó má wá lu pọ́ǹpù láàárọ̀ kùtù mọ́? Mi ò tíì sùn dáadáa láti ìgbà tí mo ti dé."

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó mọ ohun tó ń ṣe. Mo ti bi í nínú lẹ́tà. Ó ní òun ṣì ń rò ó.

Mo pa ẹnu dé. Mo yí padà sí àwọn èèyàn mi, mo sì sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, orúkọ nìkan ni mo fi kún un: "Ó ní ohun tí òun ń tọrọ ni pé kí Minwar má wá lu pọ́ǹpù ilé mi láàárọ̀ mọ́."

Kò sẹ́ni tó béèrè Minwar wo. Kò sẹ́ni tó béèrè pọ́ǹpù wo.

"Ìyẹn kò le," Diyab ní. "A máa kìlọ̀ fún un."

"Ṣé a ò tíì kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ ni?" Bàbá Diyab ní.

"Ẹ tún pọ́ǹpù náà ṣe dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kó tán," ni ẹnì kan wí.

"Kí ni wọ́n fẹ́ tún ṣe lára rẹ̀? Pọ́ǹpù yẹn le jù mí lọ," ni ẹlòmíràn wí.

"Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kúrò."

"Kí ni èmi àti àlejò máa fi wẹ̀?" mo ní. "Ẹ máa wá pọn omi gun òrùlé fún mi?"

Bàbá Rakan ń dìde, Jiryis fà á ní aṣọ jókòó. Jiryis fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́, ó ń wo ilẹ̀. "Bàbá Diyab, aládùúgbò mi. Ọkùnrin tó bá ti níyàwó nílé kì í jí lọ tún pọ́ǹpù ẹlòmíràn ṣe. Mo ti gbéyàwó, mo mọ̀. Ti ilé mi ti bàjẹ́ láti ìgbà Kérésìmesì, mi ò tíì wò ó."

Gbogbo wọn yíjú sí Bàbá Diyab. Òun ń wo ife tó wà nílẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Ìyá Watfa," ó ní, "ṣé ohun tó sọ nìyẹn? O ò fi tìrẹ kún un?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Ṣé mo mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ?"

"Rárá," ó ní. "O ò mọ̀ ọ́n." Ó mí kanlẹ̀. "Ife wà nílẹ̀. Kò mu ún. Ó dákẹ́ títí mo fi béèrè. Ó tọrọ. Ohun tí mo ti ń dúró dè nìyẹn láti ìgbà yìí wá. Bàbá Rakan fi òṣùpá tọrọ, ọkùnrin yìí fi pọ́ǹpù tọrọ." Ó yíjú sí Eskil, ó gbé ohùn sókè: "Ẹ mu kọfí yín. Minwar kò ní lu pọ́ǹpù mọ́. Kó wọ́gi lé Kuwéètì, kí bàbá rẹ̀ wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, kó mú ẹ̀yin dání. Watfa ti di tiwọn."

Agbada wàrà ró gbì lórí tábìlì ilé ìdáná. Àwọn obìnrin ti la ẹnu láti ké ayọ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Diyab ní kí wọ́n dúró ná, torí kọfí ṣì wà nínú ife. Tí wọ́n bá ti fún èèyàn ní ohun tó tọrọ tí kò sì mu ún, ó ti gbá onílé létí nìyẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ á bàjẹ́ kọjá ti Bàbá Rakan.

"Eskil," mo ní, "mu ún."

"Dókítà mi..."

"Dókítà rẹ wà ní Nọ́wè. Ọmọ mi ló wà níbí. Ẹnu kan péré ni. Mu ún."

Ó wo ife. Ó wò mí. Ó wo àwọn ọkùnrin tí ebi ń pa, tí gbogbo wọn tẹ ọrùn síwájú. Ó gbé e, ó dijú, ó sì mu kọfí tútù yẹn bí ẹni ń mu oògùn.

Àwọn obìnrin ké débi pé ajá àdúgbò dáhùn. Inú ariwo yẹn, Eskil na ife náà padà sí Diyab láìmì ín. Diyab bu òmíràn sí i. Ìbẹ̀rù yọ lójú Eskil. "Mì ín!" mo ké. "Mì ín, Eskil!" Ọkùnrin náà mi orí. Ó mi èjìká. Ó wá mi ọwọ́, tòun ti ife kíkún, gbogbo rẹ̀ sì dà sára aṣọ funfun Bàbá Rakan láti àyà dé ìsàlẹ̀. Bàbá Rakan ní kò sí láburú, ó ní èyí rán òun létí ìtàn kan. Àmọ́ oúnjẹ ti ń wọlé, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ìrẹsì náà ti tutù. Wàrà tí Watfa dà sí i níyọ̀ débi pé mo mu omi títí mo fi sùn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kí Àsùbá tán, ilẹ̀ mọ́, pọ́ǹpù dákẹ́ jẹ́ẹ́. Eskil jáde wá sí àgbàlá, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ọkàn rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n kọfí yẹn kò jẹ́ kó sùn. Ó ní òun dùbúlẹ̀ títí, òun ń retí ariwo náà, torí tó bá ti bẹ̀rẹ̀, òun á mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, òun á lè dìde.

Ọjọ́ Túsìdeè ọ̀sẹ̀ náà, omi ìjọba yọ, pọ́ǹpù kò ṣiṣẹ́. Lílù àlùjù ti jẹ gbogbo nọ́ọ̀tì inú rẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí Minwar. Ó ní kí n jọ̀ọ́ má bínú, ọwọ́ òun dí, òun ń kun yàrá.

Wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó tán. Eskil ti padà sí Nọ́wè. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì balẹ̀, torí àwọn ará abúlé kò jẹ́ n sinmi. Wọ́n ń wá kan ilẹ̀kùn mi. "Ìyá Watfa, ṣé o ní àlejò kan tí dókítà ti ní kó má mu kọfí? Gíga ni a fẹ́. Kó máa dákẹ́." Ẹnì kan fẹ́ fi í tọrọ ọ̀nà tí wọ́n dí mọ́ ọn lójú. Bàbá Rakan alára wá, ó fẹ́ gbé ọ̀kan lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìlú.

Mo ṣì ń fún àwọn àlejò mi ní ìmọ̀ràn tí mo máa ń fún wọn tẹ́lẹ̀: bàtà, ọwọ́ ọ̀tún, ará ilé, kọfí. Mi ò fi kún un pé kí wọ́n má gbé ife kalẹ̀. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi kan ṣì wà nílé tí kò tíì lọ́kọ.